Àpótí Tí Èémí Ò Lè Gbà Kọjá

Bàbá mi kì í ra ọjà. Ẹjọ́ ló máa ń bá ọjà rò. Bí ẹ bá rán an ní búrẹ́dì, á kọ́kọ́ fi ìka kan ìdí rẹ̀, á yí i po, á bi ẹni tó ń tà á bóyá àná ni wọ́n ṣe é tàbí òní, lẹ́yìn náà á ní òun ń lọ ronú sí i. Ogójì ọdún ló fi ṣe iṣẹ́ káfíńtà, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ẹlẹ́pákó sì rí i rẹ́ jẹ, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe wí. Ẹni tí mo gbà kó bá mi lọ ra páàtì kọ̀ǹpútà nìyẹn. Ẹ má tíì bi mí ìdí rẹ̀.

Àwòrán ilé ni mò ń yà. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó sí ọ́fíìsì kan tí mò ń tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ti yà yà, títí ọ́fíìsì náà fi kógbá sílé. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní kí àwa mẹ́ta tó ń wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ wá fi iṣẹ́ hàn án: kí oníkálukú ya gbọ̀ngán ilé-ìwé kan fún igba ọmọ, kó yà á débi pé ẹni tó bá wò ó lójú kọ̀ǹpútà á rò pé òun ń rìn nínú rẹ̀ ni. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa gbà. Aago méjìlá ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì ni àwòrán gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ rẹ̀. Tó bá fi ìṣẹ́jú kan lé, ẹni náà kó máa lọ sùn. Mo fẹ́ iṣẹ́ yìí débi pé mo ti ń lá àlá àga tí mo máa jókòó lé.

Gbọ̀ngán kọ́ ni ìṣòro mi, mo ti ń yà á láti oṣù tó kọjá. Kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ni ìṣòro. Bí mo bá ní kó fi ògiri kan hàn mí, á mí kanlẹ̀, á dákẹ́, mo lè fọ aṣọ kí n sì sá a tán kó tó dá mi lóhùn. Ni mo bá pinnu pé màá ra ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ńlá lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n tò ó jọ fúnra mi. Bàbá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ “ẹ̀yà” àti “tò ó jọ” láti inú yàrá rẹ̀. Kí n tó wọ bàtà tán, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ẹ̀rí-Ọkàn la lọ, torí kò sí ohun tó ń tà tí kì í ní ẹ̀rí ọkàn òun ti fọwọ́ sí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún fún páálí dé àjà, àyè ènìyàn méjì àti ààbọ̀ ló ṣẹ́ kù. Bàbá mi wọlé, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Mo mọ̀ pé ilé ẹjọ́ ti jókòó.

Bọ́ọ̀dù ni Ẹ̀rí-Ọkàn kọ́kọ́ gbé jáde, pátákó dúdú tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń jókòó lé. Bàbá mi gbé e sókè, ó di ojú kan, ó fi èkejì wo etí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí wọ́n ṣe máa ń wo pákó bóyá ó tọ́.

“Ó tẹ̀ díẹ̀ níbí,” ó wí.

“Bàbá, bọ́ọ̀dù kì í tẹ̀.”

“Ohun tó bá ti pẹ́ nínú páálí, ó ń tẹ̀. Mú òmíràn wá.”

Wọ́n mú òmíràn wá, ó gbà á. Ó kan ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ohun pẹlẹbẹ kan tí kò tó bísíkíìtì. Bàbá mi wò ó, ó wò mí.

“Ṣé èyí ni gbogbo owó yẹn ń bá lọ?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún Ẹ̀rí-Ọkàn. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sín sí i o.”

Ẹ̀rọ tó ń pín iná ló tẹ́ ẹ lọ́rùn, torí ó wúwo. Ó fi ọwọ́ kan gbé e sókè sódò, ó ní ibí ni òun ti kọ́kọ́ mọ̀ pé a ra nǹkan. Nígbà tó kan mẹ́mórì, ẹ̀yà tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí nǹkan, méjì tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí rúlà ọmọ ilé-ìwé, ó gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ó béèrè pé, “Ṣé igi kan náà ni wọ́n ti la àwọn méjèèjì?”

Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ṣùgbọ́n Ẹ̀rí-Ọkàn jókòó dáadáa.

“Bàbá, ìbéèrè gidi lẹ bi yẹn. Àwọn tí wọ́n jọ dì láti ilé-iṣẹ́ kan náà ló máa ń gbọ́ra yé. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín yìí, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wọlé. Ẹ jẹ́ kí n pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ̀rí ọkàn mi lè sùn.”

Bàbá mi kàn yí ojú sí mi, ó sì fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Láti ìgbà náà, òun ni Ẹ̀rí-Ọkàn ń bá sọ̀rọ̀. Èmi di ẹni tó ń gbé báàgì. Nígbà tí ọkùnrin náà ní fáànù mẹ́ta la máa nílò, bàbá mi béèrè bóyá ibà ló ń ṣe kọ̀ǹpútà náà. Wọ́n dúnàá dúrà, wọ́n fẹnu kò sí ẹyọ kan. Mo kó o sínú báàgì.

Ibi àpótí tí a máa to gbogbo rẹ̀ sí ni ogun ti wá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rí-Ọkàn gbé ọ̀kan jáde, páànù dúdú ni, gíláàsì sì ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan. Bàbá mi fi èékánná ta á. Ó dún bí agolo mílíìkì.

“Gíláàsì yìí ńkọ́?”

“Kí ẹ lè máa rí inú rẹ̀ ni, Bàbá. Ìgbàlódé ni.”

“Ta ló fẹ́ máa wo ìfun ẹlòmíràn?” Ó tì í sẹ́yìn. “Ọmọ mi ò ní kó nǹkan olówó iyebíye sínú agolo. Èmi ni màá kan àpótí rẹ̀.”

Ó yẹ kí n sọ fún yín pé ọdún méjì ti kọjá tí bàbá mi ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ogbó kọ́ ló lé e kúrò níbẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ra tábìlì tí wọ́n fi èérún igi lẹ̀ pọ̀, èyí tó ń wà nínú páálí pẹ̀lú sípánà kékeré. Láti ìgbà náà, pálọ̀ ló ń jókòó sí, tó ń dá ilẹ̀kùn ilé wa lẹ́bi. Lọ́jọ́ náà nínú ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀rí-Ọkàn, mo rí i tó ń fi ìka wọn bọ́ọ̀dù, ètè rẹ̀ ń mì, ó ti ń ṣírò. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí mi ò ṣe rí i rí láti ọdún méjì.

“Ó dáa, Bàbá,” ni mo wí. Ẹnu mi ló sọ ọ́. Ẹnu yìí náà ló ti ń kó bá mi láti kékeré.

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni a fi gbọ́ ayùn àti òòlù lẹ́yìnkùlé. Ó ń wọn páàtì mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ọ́ sára ògiri, ó ń kọrin. Ìyá mi, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tẹ́tí sí i láti ojú fèrèsé.

“Gbogbo oògùn tí mo ti fún ọkùnrin yìí láti ọdún méjì,” ó wí. “Àṣé kọ̀ǹpútà ni ǹ bá ti rà fún un.”

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé e wá sí pálọ̀. Mi ò ní parọ́, àpótí náà rẹwà. Igi pupa rẹ́súrẹ́sú, kò sí ìṣó kan nínú rẹ̀, eyín igi wọ inú eyín igi ní gbogbo igun. Ó gbé ìdérí lé ẹnu rẹ̀, ó wá yọ ọwọ́. Ìdérí náà kò já. Ó ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí afẹ́fẹ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ń wá ọ̀nà àbájáde, kò sì rí. Nígbà tó yá, ó bà lé e jẹ́jẹ́, ó pa dé.

“Ẹ rí i?” ni bàbá mi wí. “Èémí ò lè gbà níbẹ̀ kọjá. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé káfíńtà tí ìdérí rẹ̀ bá já gbàgà, kó lọ máa la igi ìdáná.”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe é kí a wò. Ìyá mi pàtẹ́wọ́. Èmi tó yẹ kí n mọ̀, mo pàtẹ́wọ́. Àní ihò tí wáyà máa gbà, ó ti fi aṣọ tẹ́ etí rẹ̀ kí eruku má baà wọlé.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, mo to páàtì mi sínú rẹ̀, mo tan án, mo ní kó bẹ̀rẹ̀ àwòrán. Ògiri gbọ̀ngán mi jáde wàràwàrà, inú mi dùn. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ó kú. Mo tan án, ó tún kú. Mo gbé ọwọ́ lé igi, ó gbóná bí iwájú orí aláìsàn. Ni mo bá ṣí ìdérí, ooru fẹ́ sí mi lójú, kurukuru bo awò ojú mi. Fáànù ẹyọ kan tó wà nínú rẹ̀ ń kó ooru apá ọ̀tún dà sí òsì, ó ń kó ti òsì padà sí ọ̀tún.

Àwòrán náà nílò wákàtí kan àti ààbọ̀ láìdúró. Ohun tí mo nílò kò ju kí ìdérí wà ní ṣíṣí lọ. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún bàbá mi pé ohun tó ń fi yangàn gan-an ló ń pa kọ̀ǹpútà mi? Mo kàn ṣí i sílẹ̀, mo ń ṣiṣẹ́ lọ. Kò pẹ́, bàbá mi gbabẹ̀ kọjá.

“Eruku,” ó wí, ó gbé ìdérí lé e, ó dúró wò ó títí tó fi sọ̀kalẹ̀ tán, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ní ìrọ̀lẹ́, ó mú ará ilé kejì wá wò ó. Ní Ọjọ́bọ̀, ó mú télọ̀ òpópónà wa wá, àti ẹni tó wá ka mítà iná. Gbogbo wọn ni ìdérí ń sọ̀kalẹ̀ fún. Bí ó bá bi mí pé báwo ni àpótí, màá ní ó dára gan-an. Bí ó bá jáde lọ na ẹsẹ̀, ogójì ìṣẹ́jú ló ń lò, á sì ti dé.

“Kí ló ń ṣe ẹ́?” ni ìyá mi béèrè lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. “Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń tọ́jú àwọn tó ń ní kò sí ohun tó ń dun àwọn.” Mo sọ fún un. Ó ronú. “Ó ń lọ gẹrun lọ́la. Wákàtí méjì ni. Fi ìyókù sílẹ̀ fún mi.”

Ní Ọjọ́ Ẹtì, bàbá mi jáde, aago mẹ́jọ lù, mo ṣí àpótí, mo bẹ̀rẹ̀. Ohun gbogbo ń lọ bí omi. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà: onígbàjámọ̀ kò tíì ṣílẹ̀kùn. Kí n tó dìde, ìyá mi ti gbé ìdérí náà sórí àga pálọ̀, ó ti jókòó lé e, ó ti tẹ́ aṣọ bò ó, ó sì ti ń ka ìwé ìròyìn ọdún tó kọjá.

Bàbá mi wo àpótí tó la ẹnu sílẹ̀. Ó wo abẹ́ tábìlì. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

“Ìdérí dà?”

“Ìdérí wo?” ni ìyá mi wí.

Ó wò ó dáadáa. Ìyá mi kì í ga tó bẹ́ẹ̀ lórí àga.

“Ìyá wọn, ẹ dìde.”

“Orúnkún ń dùn mí.”

“Ẹ dìde.”

Ó dìde. Bàbá mi mú ìdérí, ó dì í mú láìgbé e lé ibì kankan. Ó na ọwọ́ kejì sínú àpótí, ó fi sílẹ̀ níbẹ̀, mo sì rí i lójú rẹ̀ ìgbà tó yé e. Igi ni olùkọ́ rẹ̀; kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé ooru fún un.

“Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?”

“Láti Ọjọ́rú.”

“Mò ń kó ènìyàn wá wò ó, ìwọ ń wò mí.”

“Ẹ̀rù ló bà mí, Bàbá. Mo rò pé tí mo bá sọ ọ́, ẹ máa tún gbé irinṣẹ́ sílẹ̀ ni.”

Ó jókòó. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, ì bá sàn kó lọ sókè. “Ogójì ọdún ni wọ́n fi ń dá iṣẹ́ padà fún mi. Wọ́n á ní àga ń mì, wọ́n á ní dúrọ́ọ̀ há. Màá bá wọn jà, màá sì lọ tún un ṣe. Iṣẹ́ nìyẹn. Èyí tí ẹ bá gbà lọ́wọ́ mi tí ẹ ò lè dá padà, kì í ṣe iṣẹ́ lẹ gbé fún mi. Ẹ̀ ń ṣàánú mi ni.”

Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè. Mo bẹ̀ ẹ́. Ìyá mi ṣí ìwé ìròyìn sí ojú ewé mìíràn. Ìgbà yẹn gan-an ni kọ̀ǹpútà náà dún tíín: àwòrán ti pé.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yíjú sí i. Gbọ̀ngán mi dúró níbẹ̀, ògiri funfun gígùn tó mọ́ roro, ìmọ́lẹ̀ tẹ́ sí i lára. Bàbá mi tẹ̀ síwájú, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

“Ó dára,” ó wí. Ó wò ó sí i. “Ọmọ mélòó ló máa wà níbẹ̀?”

“Igba.”

“Ibo ni afẹ́fẹ́ máa gbà wọlé sọ́dọ̀ wọn?”

Inú bí mi, mo sì sọ ọ́. “Bàbá, nínú gbogbo ènìyàn tó wà láyé, ṣé ẹ̀yin ló yẹ kó bi mí ní ti afẹ́fẹ́ lónìí?”

“Èmi gan-an ni. Ẹ̀kọ́ náà ṣì tutù lórí mi.”

Mo yíjú padà kí n fi ọ̀nà afẹ́fẹ́ hàn án. Fèrèsé mẹ́rin ló wà níbẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, lókè lábẹ́ àjà, kò sì sí èyí tó ṣeé ṣí nínú wọn. Oṣù kan ni mo fi ń dán ògiri náà, tí mi ò jẹ́ kí ihò kankan bà á jẹ́. Mo ti fẹ́ kó igba ọmọ sínú àpótí kí n sì gbé ìdérí lé wọn.

Mo lè fi ránṣẹ́ báyìí kí n sinmi. Aago mẹ́sàn-án àbọ̀ ti kọjá, àyè ṣì wà. Ṣùgbọ́n tí mo bá tún un yà, wákàtí kan àti ààbọ̀ á tún gbà, tí kọ̀ǹpútà bá sì kú lẹ́ẹ̀kan péré, iṣẹ́ lọ nìyẹn. Mo wo bàbá mi. Òun náà ń wò mí bí oníbàárà tó ti dá ọjà padà tó sì ń dúró.

Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lu ihò sí ògiri mi. Fèrèsé mẹ́jọ ní apá ọ̀tún, mẹ́jọ ní òsì, gbogbo wọn ń ṣí. Ó dà bí ẹni pé mò ń fa eyín ara mi. Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mo ní kó bẹ̀rẹ̀. Ilé gbóná lọ́jọ́ náà, kò sì pẹ́ tí igi náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná bó ṣe la ẹnu sílẹ̀ yẹn. Bàbá mi mú ìdérí tó dì mọ́ àyà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn sí kọ̀ǹpútà. Ó fẹ́ ẹ títí òógùn fi bo ojú rẹ̀. Ìyá mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní òun ti fẹ́ atẹ́gùn sí ènìyàn rí ṣùgbọ́n àwọn yẹn máa ń kí òun. Bàbá mi tún gbà á padà.

Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ó pé. Ó ku mẹ́rin, ó lọ. Èsì dé pé wọ́n ti rí i gbà. Bàbá mi wá gbé ìdérí sílẹ̀, ó nu òógùn ojú rẹ̀.

“Nínú àwa méjèèjì,” ó wí, “ta ló kọ́kọ́ gbàgbé afẹ́fẹ́?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Irọ́. Oṣù tó kọjá lo bẹ̀rẹ̀ gbọ̀ngán tìrẹ. Àpótí tèmi ò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan.”

“Ẹni bíni là ń jọ,” ni ìyá mi wí, ó lọ wá omi mu.

Ní Ọjọ́ Ajé, wọ́n pè mí pé kí n wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọn ò sọ̀rọ̀ fèrèsé rárá. Ilẹ̀kùn ni wọ́n yìn. Bàbá mi ti la ihò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sí ìsàlẹ̀ àti òkè àpótí náà, ó ti fi fáànù méjì kún un, ó sì ń sọ fún àwọn ènìyàn pé mẹ́ta ni òun fẹ́ látìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó kan tábìlì tí kọ̀ǹpútà máa wà lórí rẹ̀, ó gbé e sí yàrá mi láìsọ fún mi. Tábìlì dáadáa ni, ó ń dán. Mo jókòó tì í, èjìká mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí mi. Tẹ́lẹ̀, màá ti wá tìmùtìmù sórí àga mi, màá sì dúpẹ́. Mo gbé e jáde lọ bá a lẹ́yìnkùlé.

“Bàbá, ó ga jù.”

Ó ní kò ga. Ó ní àga mi ló kúrú, ó ní ẹ̀yìn mi ló tẹ̀, ó ní àwọn ọmọ ayé ìsinsìnyí ò mọ ìjókòó. Mo ní ó ga. Mo ní mi ò gbà á. Ó bú mi díẹ̀, ó fa tépù yọ, ó wọn ẹsẹ̀ tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé e dùbúlẹ̀ sórí pátákó iṣẹ́ rẹ̀. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ilé, mo gbọ́ tó tún ti ń kọrin.